Opó Kì í Lọ sí Kóòtù

Nígbà tí Àmọ̀dá ní òun máa pe káńsù lẹ́jọ́, ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Rùkáyátù rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá Tamílọ́rẹ? Ẹ̀yin tí ọlọ́kadà ń rẹ́ jẹ lójoojúmọ́ tí ẹ kì í lè fọhùn?"

Kò parọ́ mọ́ ọn. Àmọ̀dá kì í ṣe oníjà. Bí oníbàárà bá bú u, á ní ó jọ pé ebi ń pa onítọ̀hún ni. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò bá ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Rùká, àwọn ló fún wa nílẹ̀ yìí. Àwọn ló ní ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ. Orí mi yìí ni mo fi ru búlọ́ọ̀kù ibẹ̀. Wọn ò lè ṣàdédé jí kí wọ́n ní ká kó jáde."

Ṣọ́ọ̀bù tí à ń wí yìí, etí títì ni, ní Joju ní Ọ̀tà, níbi tí èrò iléeṣẹ́ máa ń gbà kọjá láàárọ̀ kùtù. Bàtà séfítì ni wọ́n ń tà níbẹ̀, bàtà onírin lẹ́nu tí lébìrà máa ń wọ̀ kí ẹrù má bàa já lé e lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Wọ́n ń ta ìbọ̀wọ́, wọ́n ń ta akoto, wọ́n ń ta aṣọ òjò. Ẹni tí kò bá wọ bàtà yẹn, ọlọ́dẹ ò ní jẹ́ kó wọ géètì iléeṣẹ́, iṣẹ́ òòjọ́ sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí Àmọ̀dá fi máa ń ṣí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Bí ọmọkùnrin kan bá wá ra bàtà, kì í jẹ́ kó sanwó àfi tó bá wọ̀ ọ́ rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Á ní, "Rìn ín wò ná. Ìwọ lo máa wọ̀ ọ́ dúró látàárọ̀ dalẹ́, kì í ṣe èmi." Ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó ni wọ́n ti Ayétòrò dé, kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n ti ń jẹun.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí káńsù fi rán àwọn kan wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa àmì gàdàgbà sára gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lórí ìlà yẹn. Wọ́n ní kí oníkálukú kúrò, àwọn fẹ́ kọ́ ilé ìtajà ìgbàlódé. Ìgbàlódé! Lébìrà tó ń wá bàtà tí yóò wọ̀ wọ iléeṣẹ́, kí ló fẹ́ fi ilé onígíláàsì ṣe? Àmọ́ ta ló fẹ́ bi wọ́n? Àwọn ará ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ènìyàn kì í bá ìjọba wọ̀jà kó mú un balẹ̀. Fọlájìmí tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àmọ̀dá sọdá sí òdìkejì títì, ó ní òun ò lè máa fi orí òun sọ òkúta.

Àmọ̀dá ní tirẹ̀ lọ bá lọ́yà kan tó ń jẹ́ Tẹjúmọ́lá, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́yà, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé oògùn kan lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Tẹjúmọ́lá gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù Ọ̀tà. Àfi bí adájọ́ ṣe gbọ́ tẹnu rẹ̀! Ó pàṣẹ pé kí káńsù má fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀bù náà títí ẹjọ́ á fi parí. Lọ́jọ́ yẹn, Àmọ̀dá ra ọ̀dà funfun, ó fi bo ti pupa, ó ń súfèé. Rùkáyátù tó fi í rẹ́rìn-ín níjọ́sí ló bá a di àkàbà mú. Inú rẹ̀ dùn débi pé Adájọ́ ló ń pe ọkọ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ayọ̀ ọ̀hún ò pẹ́. Wọ́n ní ikú ń pa alágẹmọ tó ń yọ́ rìn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ọ̀pọ̀lọ́ tó ń jan ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹjọ́ ò tíì rìn jìnnà tí Àmọ̀dá fi di àyà mú ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Fọlájìmí ló gbé e dé ilé ìwòsàn kí Rùkáyátù tó bá wọn níbẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ti ń wúwo. Rùkáyátù rò pé yóò dárúkọ Tamílọ́rẹ, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Ohun tó sọ ni pé, "Rùká, ṣọ́ọ̀bù yẹn. Má jẹ́ kí wọ́n gbà á." Ó tún un sọ. Rùkáyátù ní òun ò ní jẹ́ láéláé. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín.

Ìyẹn ló gbé ọ̀rọ̀ opó dé. Àlàájà Kàfáyá, ẹ̀gbọ́n Àmọ̀dá obìnrin, ti Ayétòrò wá pẹ̀lú ẹní, tẹ̀sùbáà àti àpò gàrí. Òun ló pọn Àmọ̀dá nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, nítorí àbígbẹ̀yìn ìyá wọn ni. Arúgbó ni, eékún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ní kò sẹ́ni tí yóò bá ìyàwó àbúrò òun jókòó opó bí kò ṣe òun. Kò wá fìyà jẹ ẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìyakọ tó lójú àánú tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Òun ló ń se oúnjẹ, òun ló ń gbé omi gbígbóná kalẹ̀ fún un. Bí ẹkún bá gbọn Rùkáyátù, òun náà á jókòó tì í, wọ́n á jọ sun ún.

Òfin kan péré ló fi lélẹ̀. Rùkáyátù ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan títì àfi tí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá bá pé. Ó ní, "Ìyàwó mi, bí opó bá jáde láìtíì pé, sàréè á fún ọkọ rẹ̀ mọ́ra. Bí a ṣe bá a nìyẹn, bí a ṣe máa ṣe é nìyẹn." Rùkáyátù ò jiyàn. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé jíjókòó òun ni yóò jẹ́ kí ilẹ̀ dẹ̀ ẹ́ lára, yóò jókòó. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó ní kí Fọlájìmí máa bá òun fojú ṣọ́ ọ láti òdìkejì.

Wọn ò tíì pẹ́ nínú opó tí lọ́yà Tẹjúmọ́lá fi dé. Ó kúnlẹ̀ kí Àlàájà, ó kí Rùkáyátù kú ọ̀fọ̀, ó sì ní ọ̀rọ̀ tó gbé òun wá ò ṣeé fi dọ́la.

Ó ní, "Mà, òkú ò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹ̀yin lẹ máa bọ́ sí ipò ọkọ yín. Ẹ máa bá mi wá sí kóòtù, kí ẹ búra níwájú akọ̀wé ibẹ̀, kí n lè fi orúkọ yín rọ́pò tiwọn. Tí ẹ ò bá wá, adájọ́ máa lé ẹjọ́ náà dànù. Tó bá ti lé e dànù, àṣẹ tó fi di káńsù lọ́wọ́ náà ti lọ nìyẹn."

Rùkáyátù wo Àlàájà. Àlàájà mi orí.

"Ọmọ mi, opó kì í lọ sí kóòtù. Ṣé akọ̀wé ọ̀hún ò lè wá síbí ni?"

"Mo ti bẹ̀ ẹ́, mà. Ó ní kóòtù kì í rìn lọ bá èèyàn nílé."

"Ó dáa, èmi á lọ búra. Èmi ni mo pọn ọ́n, ẹ̀jẹ̀ mi ni."

Tẹjúmọ́lá fẹ̀sọ̀ dá a lóhùn. "Àlàájà, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù lẹ máa búra lé lórí. Ṣé ẹ mọ ẹni tó fún wọn nílẹ̀? Ṣé ẹ mọ ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ?"

Àlàájà ò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló dé ṣọ́ọ̀bù náà rí, kò tilẹ̀ jókòó. Tẹjúmọ́lá wò wọ́n títí. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, kò mọ ohun tó wà nínú opó onímàle. Ó ní, "Ẹ ò wá bi Ààfáà yín wò, bóyá àyè wà?"

"Kí la fẹ́ bi Ààfáà tí a ò mọ̀?" ni Àlàájà wí. Kò fi ìbínú wí i. Ó dá a lójú ni.

Ẹ sì wò ó o, ẹ̀yìnkùlé wọn gan-an ni Ààfáà ń gbé. Láti yàrá tí opó jókòó sí, wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéú rẹ̀ láràárọ̀. Kí ló wá dé tí Rùkáyátù fúnra rẹ̀ ò ránṣẹ́ sí i? Ìtìjú ni. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: opó tí kò tíì nu omi ojú tán, tó ti ń bèèrè ọ̀nà àtijáde, kí ni wọ́n máa sọ nípa rẹ̀? Wọ́n á ní ọkọ ló ń wá. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ ń yún un, pé òkú Àmọ̀dá ò tíì tutù. Rùkáyátù ro ẹnu àwọn obìnrin àdúgbò, ó gbé ìbéèrè náà mì.

Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ kọ́kọ́ yọjú lẹ́yìn ikú Àmọ̀dá, adájọ́ gbọ́ pé olùpẹ̀jọ́ ti kú, ó kẹ́dùn, ó sún ẹjọ́ náà síwájú. Ó ní òun ò ní sún un mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó dá, Tẹjúmọ́lá gbé mọ́tò rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà. Kò tilẹ̀ paná ẹ́ńjìnnì. Ó wọlé tòun ti aṣọ dúdú lọ́yà, ó kúnlẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Inú mọ́tò lẹ máa wà, ẹ bo ojú yín. Kí ẹ ṣáà dé ibẹ̀ kí ẹ búra, mo máa dá yín padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná."

Rùkáyátù dìde. Ó dìde lóòótọ́. Ó ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ìta fẹ́ sí i lójú. Àlàájà ò dí i lọ́nà. Orí ẹní ló wà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó ní, "Mi ò dì ọ́ mú, ìyàwó mi. Ilẹ̀kùn nìyẹn. Àmọ̀dá ló wà nínú sàréè, kì í ṣe èmi."

Yéè! Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Rùkáyátù dúró gbagidi. Ọkọ rẹ̀ ní kó má jẹ́ kí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀ yìí kan náà ló wà lábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ní ilẹ̀ máa fún un nítorí ẹsẹ̀ tí òun fẹ́ gbé. Bó bá lọ, ó gba ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó sì fìyà jẹ ẹ́. Bó bá jókòó, ó dáàbò bò ó, ó sì ba ìlérí jẹ́. Èwo ni kó ṣe? Ẹni tó bá rò pé òun mọ ìdáhùn, kó kọ́kọ́ dúró síbi tó dúró sí ná. Ojú Àmọ̀dá ló ń rí, bí wọ́n ṣe ń di aṣọ funfun mọ́ ọn. Ìyẹn ló borí. Ó bọ́ sílípáàsì.

"Lọ́yà, ẹ máa lọ," ó ní. "Ẹ bá mi bẹ adájọ́."

Tẹjúmọ́lá bẹ adájọ́ títí. Agbẹjọ́rò káńsù dìde, ó ní kò sí olùpẹ̀jọ́ mọ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gba ipò rẹ̀. Adájọ́ lé ẹjọ́ náà dànù. Ẹ má dá a lẹ́bi, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló rí.

Káńsù ò fi falẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Fọlájìmí pe Rùkáyátù lórí fóònù. "Ìyá Tamílọ́rẹ, katakata ti dé o! Ẹ máa bọ̀, ẹ wá kó ẹrù yín!"

"Mi ò lè wá."

"Ẹ ní kí ni? Wọ́n fẹ́ wó o báyìí!"

"Mo wà nínú opó, Fọlájìmí."

Fọlájìmí ò pa fóònù, Rùkáyátù náà ò sì pa tirẹ̀, ló bá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bí páànù ṣe ń ya, tí ògiri ń dà wó gbì-gbì. Ó kígbe, "Bàbá Tamílọ́rẹ, ẹ foríjì mí!" Àlàájà sáré wọlé, ó gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì ṣubú sórí ẹní. Odidi ìrọ̀lẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó dáná nílé náà.

Fọlájìmí gbé àpò kan wá, ó ní ohun tí òun rí yọ nìyẹn, kí wọ́n má bínú. Gbogbo ẹni tó ń ta bàtà mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ni à ń pàtẹ, kí olè má bàa rí méjèèjì gbé lọ. Èkejì rẹ̀ á wà nínú lọ́hùn-ún. Orí àtẹ iwájú nìkan sì ni ọwọ́ Fọlájìmí tó. Bàtà ẹsẹ̀ òsì ló kún inú àpò náà dẹ́nu. Tamílọ́rẹ tú u dà sílẹ̀, ó ń wá èkejì wọn, ó ń tò wọ́n, ó tún ń wá a. Ìyá rẹ̀ ò lè la ẹnu sọ fún un pé kó má wá a mọ́.

Opó pé. Rùkáyátù wẹ̀, ó wọ aṣọ mìíràn, wọ́n sì pe Ààfáà wá ṣe àdúà. Àwọn obìnrin àdúgbò wá, wọ́n jẹun, wọ́n yìn ín pé ó ṣe opó ọkọ rẹ̀ bó ti yẹ, pé ìyá rere ló bí i. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ku Ààfáà, Àlàájà àti òun nínú yàrá. Ààfáà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti ń hewú, ní, "Ìyá Tamílọ́rẹ, mo gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe sí ṣọ́ọ̀bù yín. Ó dùn mí gan-an. Ẹjọ́ tí olóògbé pè ńkọ́?"

"Wọ́n lé e dànù, Ààfáà. Wọ́n ní kí n wá búra ní kóòtù, mi ò sì lè lọ."

"Kí ló dé?"

"Opó ni, Ààfáà."

Ààfáà wò ó bí ẹni pé kò gbọ́. "Ta ló ní opó ò lè lọ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀? Ọ̀ràn tí kò bá ṣeé fi sílẹ̀, opó lè jáde fún un lójúmọmọ, kó ṣáà padà wá sùn sílé. Ó wà bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Kò sí ohun tí ìyẹn ń ṣe fún òkú." Ó wo Rùkáyátù, ó wo Àlàájà. "Ẹ̀yìnkùlé yín ni mò ń gbé. Ẹ ò ṣe bi mí?"

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ Rùkáyátù lára. Nígbà tó wọ̀ ọ́, iná ló sọ nínú rẹ̀. Ó yíjú sí Àlàájà. Gbogbo ohun tó ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ tí katakata ti dé ló gun òkè ọ̀fun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ̀yin lẹ fà á, ẹ̀yin lẹ fi ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi ṣòfò, ẹ kó ẹní yín kí ẹ padà sí Ayétòrò. Ó la ẹnu.

Àlàájà ò wò ó. Ààfáà ló ń wò. Ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ọmọdé lọ, "Ààfáà, tó bá jẹ́ pé ìyá ẹni ló kú ńkọ́?"

"Báwo, Àlàájà?"

"Tí obìnrin bá wà nínú opó, tí ìyá rẹ̀ wá kú. Ṣé ó lè lọ wo òkú ìyá rẹ̀?"

Ààfáà mọ̀ pé ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ẹni ẹlẹ́ni. Ó fara balẹ̀ kó tó dáhùn. "Ó lè lọ, Àlàájà. Kó lọ, kó sì padà wálé."

Àlàájà ń mi orí, ó ń mi orí, kò dáwọ́ dúró. "Mo wà nínú opó bàbá àwọn ọmọ mi nígbà tí ìyá wa kú," ó ní. "Ọmọdé ni Àmọ̀dá nígbà náà. Iwájú ilé wa gan-an ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ gbà. Mo dìde. Àwọn àgbà ní kí n jókòó, pé sàréè á fún ọkọ mi. Mo jókòó. Ojú fèrèsé ni mo ti wo ìyá mi kẹ́yìn. Àmọ̀dá dúró níta, ó ń ké pè mí, ó ní kí n máa bọ̀, mi ò jáde sí i. Ẹ wá ní mo lè jáde, Ààfáà?"

Ọ̀rọ̀ tí Rùkáyátù fẹ́ sọ kú mọ́ ọn lẹ́nu. Arúgbó náà ń sunkún, imú rẹ̀ ń ṣàn, kò tilẹ̀ nù ún.

"Ìyàwó mi, kí ni mo fẹ́ wí fún Àmọ̀dá tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Tó bá bi mí léèrè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ni mo fẹ́ wí?"

Inú ṣì ń bí Rùkáyátù. Kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín pé irú ìbínú bẹ́ẹ̀ ń tán lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó dì í mú. Ó fà sún mọ́ Àlàájà lórí ẹní, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu imú fún un.

"Ẹ wí fún un pé àwa méjèèjì la jọ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ẹ má dá a rù."